Ìtàn ogun àwọn ọmọ ogun àkànṣe: àwọn ìbéèrè tó máa ń wá ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Àwọn wo gan-an là ń pè ní ọmọ ogun àkànṣe?

Sọ́jà ni wọ́n bíi ti sọ́jà yòókù, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wọn ló yàtọ̀. Sọ́jà tó kù máa ń lọ lọ́pọ̀ ni, tàwọn ti mọ́tò ogun àti ìbọn ńláńlá, kí wọ́n lè gba ilẹ̀ kí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, èèyàn mẹ́rin ni, tàbí mẹ́jọ, tàbí méjìlá, wọ́n á yọ́ wọ ilẹ̀ ọ̀tá lóru, wọ́n á ba ohun tí wọ́n rán wọn jẹ́, tàbí kí wọ́n kàn ṣọ́ nǹkan kí wọ́n fi rédíò sọ ọ́ fáwọn ará ilé, wọ́n á tún yọ́ jáde. Tí nǹkan bá yíwọ́, kò sẹ́ni tó wà nítòsí tó lè sáré wá gbà wọ́n.

A máa ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, ìyẹn ló ṣe máa ń ya àwọn kan lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé sísá wà nínú iṣẹ́ àwọn SAS ti Gẹ̀ẹ́sì, Delta Force àtàwọn SEAL ti Amẹ́ríkà. Bó ṣe rí nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn wọn, ìtàn bí wọ́n ṣe sá àsálà ni.

Ibo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kọ́máńdò, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Boer ní South Africa ló ti wá, àwọn tó bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1899 sí 1902, orí ẹṣin ni wọ́n ti ń jà, wọ́n á kọlu èèyàn, wọ́n á pòórá. Nígbà tí Jámánì lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílẹ̀ Faransé ní 1940, tí ogun Hítílà ti gbóná, Churchill ní kí wọ́n kó irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì gba orúkọ àwọn tó ti fojú wọn rí màbo nígbà kan, wọ́n fi sọ tiwọn.

Ní July 1941 ní Íjíbítì ni David Stirling, ọ̀gá sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì kan, wá dá ẹgbẹ́ tó di SAS, ìyẹn Special Air Service, sílẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an, ẹ̀tàn ni. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀tá rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó ń fi páráṣúùtì balẹ̀ ti dé sí Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tó 100.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ ṣe, ní November 1941, bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Inú ìjì ni wọ́n fò sí, afẹ́fẹ́ ń wọ́ àwọn míì gba orí òkúta torí pé wọn ò rí páráṣúùtì tú lára, nínú bíi 55 tó fò, àwọn tó padà wá ò ju 20 lé díẹ̀ lọ, wọn ò sì ba bàálù ẹyọ kan jẹ́. Àwọn LRDG, ẹgbẹ́ sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi mọ́tò rìn nínú aṣálẹ̀, tó mọ aṣálẹ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, ló fi mọ́tò kó àwọn tó ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé tí mọ́tò bá lè gbé wa jáde, ṣebí ó lè gbé wa wọlé náà, kò pé oṣù kan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bàálù ọ̀tá nílẹ̀ níbi tí wọ́n páàkì wọn sí. Nínú gbogbo ìtàn SAS tí mo mọ̀, eléyìí ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọn tó sọ ọ́ kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn kì í kùnà?

Rárá o. Ní November 1942 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bàálù méjì tí kò ní ẹ́ńjìnì kó àwọn èèyàn lọ sí Norway, méjèèjì já lulẹ̀, èèyàn 41 ló kú, àwọn tí kò kú nínú jíjá yẹn, àwọn ará Jámánì pa wọ́n. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin 10 wọ ọkọ̀ àjẹ̀ 5, wọ́n ń wà á gba inú odò lọ sí Bordeaux kí wọ́n lè lẹ bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ ojú omi ọ̀tá. Méjì péré ló padà sílé, Hasler àti Sparks. Òtútù omi pa méjì, wọ́n sì yìnbọn pa mẹ́fà, torí Hitler ti pàṣẹ ní October 18, 1942 pé kọ́máńdò yòówù kọ́wọ́ bá tẹ̀, kódà tó bá wọ aṣọ sọ́jà, kí wọ́n pa á.

Ti Amẹ́ríkà náà ńkọ́? Ní November 1970 wọ́n wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Son Tay ní Vietnam, wọ́n fi oṣù bíi mélòó kan múra ẹ̀, wọ́n ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó kú nínú wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, kò sí ẹlẹ́wọ̀n kankan níbẹ̀, wọ́n ti kó wọn lọ láti July. Ní April 1980 èyí tí wọ́n fẹ́ fi gba àwọn èèyàn wọn sílẹ̀ ní Ìráànì, inú aṣálẹ̀ ni hẹlikọ́pítà ti lọ gbá bàálù, èèyàn 8 jóná. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn wọn fún yín tó jẹ́ pé ṣíṣẹ́gun ló kún un látòkèdélẹ̀, ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú ẹni náà.

Kí ni wọ́n máa ń rántí jù, ṣé ìbọn yíyìn ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù ni, ebi ni, dídúró de nǹkan ni, ẹrù tó wúwo lẹ́yìn ni. Ìbọn lè dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré nínú iṣẹ́ tó gba oṣù mẹ́rin.

Ẹ wo tàwọn ọmọ Norway tó ba ilé iṣẹ́ Vemork jẹ́, níbi tí Jámánì ti ń ṣe omi tó wúwo tí wọ́n rò pé wọ́n máa fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àwọn mẹ́rin ló kọ́kọ́ balẹ̀ ní October 1942, wọ́n ní kí wọ́n dúró de àwọn tó ń bọ̀, àwọn yẹn ò dé, àwọn tó kú nínú bàálù méjì tí mo sọ lókè yẹn ni. Wọ́n wá ń gbé orí òkè nínú yìnyín, oúnjẹ tán, wọ́n ń ha nǹkan tó máa ń hù lára òkúta, èyí tí ẹran ibẹ̀ máa ń jẹ, wọ́n ń sè é jẹ. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la ọ̀tunla ni wọ́n tó rí ẹran reindeer kan pa. Kò séyìí tí wọ́n dà nù nínú ẹ̀, wọ́n jẹ ojú ẹ̀, wọ́n jẹ ọpọlọ ẹ̀, wọ́n jẹ koríko tó ti jẹ sínú, torí ara wọn nílò ewé.

Nígbà tó di òru February 27 mọ́jú 28, 1943, àwọn mẹ́sàn-án ló gba inú àfonífojì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rìn kọjá odò tó ti dì, wọ́n pọ́n òkè sódì kejì torí sọ́jà ń ṣọ́ afárá. Joachim Rønneberg ló ṣáájú àwọn tó wọlé lọ de bọ́ǹbù, ọmọ ọdún 23 ni. Ọlọ́dẹ ibẹ̀, ọmọ Norway bíi tiwọn, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣáná, bàbá yẹn ní ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì ojú mi dà, lásìkò ogun yìí mi ò lè rí òmíràn rà. Wọ́n dúró bá a wá a. Ẹ rò ó wò, bọ́ǹbù wà nílẹ̀, sọ́jà Jámánì wà nínú bárékè níbẹ̀yẹn, wọ́n ń wá gíláàsì ojú. Rønneberg gé okùn iná náà kúrú kó lè bú láàárín 30 sẹ́kọ́ńdì, torí ó fẹ́ fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ kó tó lọ. Kò sí ẹnì kan tó kú lóru yẹn. Títí ó fi kú ní 2018, lẹ́ni ọdún 99, ó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ gíláàsì yẹn.

Ṣé aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn nígbà ogun Hítílà?

Wọ́n wà, ó sì ń dùn mí pé àwọn èèyàn wa ò mọ̀. Àwọn Chindit tí Orde Wingate, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó jọ láti wọ ẹ̀yìn ọmọ ogun Jàpáàn ní Bọ́mà, tó ti di Myanmar báyìí, orúkọ wọn wá látara Chinthe, ère tó dà bíi kìnnìún tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n lọ, ní 1944, bírígédì kẹta ti West Africa wà lára wọn, bàtálíọ̀nù Nàìjíríà mẹ́ta ló wà nínú bírígédì yẹn, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà yìí wà lára àwọn tó di ibùdó White City mú, ibi tí wọ́n ti já ọ̀nà rélùwéè mọ́ Jàpáàn lọ́wọ́. Páráṣúùtì funfun tó há sórí igi ló fún ibẹ̀ lórúkọ yẹn.

Ìrìn àkọ́kọ́ ní 1943, èèyàn bíi 3,000 ló lọ, ó lé ní 800 tí kò padà. Ẹni tó bá gbọgbẹ́ tí kò lè rìn mọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Ìbaaka ló ń bá wọn rẹrù nínú igbó, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ìbaaka yẹn lọ́fun kí wọ́n má bàa ké kí ọ̀tá gbọ́. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nínú ìtàn Chindit nìyẹn, ẹran tó ń lanu tí ohùn ò jáde.

Àwọn kan máa ń mẹ́nu ba Bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile, lábẹ́ ìbéèrè yìí. Bàbá kì í ṣe Chindit o, ẹ̀ka ìṣègùn ni wọ́n wà ní dífíṣọ̀n 81, ogun Bọ́mà yìí kan náà. Wọ́n gbọgbẹ́ ní 1944, àwọn ará abúlé kan ló sì fi wọ́n pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù mọ́ Jàpáàn lójú. Bàbá kọ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ní 2012. Àìmọye ló kú láìkọ nǹkan kan.

Obìnrin ńkọ́?

Lásìkò ogun Hítílà, SOE ni ilé iṣẹ́ àṣírí Gẹ̀ẹ́sì tó ń rán èèyàn lọ ba nǹkan ọ̀tá jẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rán èèyàn lọ sí Faransé rán obìnrin 39. Nancy Wake wà lára wọn, òun ló gun kẹ̀kẹ́ bíi 500 kìlómítà láàárín ọjọ́ mẹ́ta torí pé kóòdù rédíò wọn ti sọ nù, ó sì ń sọ ọ́ títí ó fi darúgbó pé nínú gbogbo ohun tóun ṣe lógun, kẹ̀kẹ́ yẹn ló wu òun lórí jù. Ó kú ní 2011.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ̀rọ̀?

Àkọ́kọ́, wọ́n ti búra. Àwọn SOG ti Amẹ́ríkà tó ń wọ Laos àti Cambodia nígbà ogun Vietnam, ìjọba ò gbà pé wọ́n wà níbẹ̀ rárá, ọdún 2001 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ náà lọ́lá ní gbangba. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin tó pa dà délé tí ìyàwó bi í pé níbo lo wà, tí kò lè dárúkọ ìlú.

Èkejì, ẹ̀dùn ọkàn ni, ẹni tó padà wá tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò padà, ẹnu ẹ̀ máa ń wúwo. Ẹ̀kẹta tí àwọn èèyàn kì í rò ni pé ẹlẹ́rìí ò sí. Roy Benavidez, sọ́jà Amẹ́ríkà kan nígbà ogun Vietnam, ní May 2, 1968, mú ọ̀bẹ àti báàgì oògùn, ó fò bọ́ sínú hẹlikọ́pítà lọ gba àwọn 12 tí ọ̀tá ti ká mọ́, ó fi wákàtí mẹ́fà kó wọn jáde, ọgbẹ́ 37 ló wà lára ẹ̀, wọ́n ti gbé e sínú àpò òkú kó tó tutọ́ sójú dókítà kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ṣì wà láàyè. Wọ́n ò fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù torí wọ́n ní kò sí ẹlẹ́rìí tó ṣẹ́ kù. Ọ̀kan wà láàyè ní Fiji, òun náà ò mọ̀ pé Benavidez yè é. Ìgbà tí ìyẹn rí ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn ló kọ ohun tó rí sílẹ̀, 1981 ni Ààrẹ Reagan tó fi àmì náà sí i lọ́rùn. Ọdún 13!

Kí ló fà á tí àwọn tó jọ lọ fi máa ń sọ ìtàn tó ta kora?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, èyí tó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àpẹẹrẹ táwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti Bravo Two Zero, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ikọ̀ SAS kan lórí rédíò. Ní January 1991, ọmọ SAS 8 balẹ̀ sí aṣálẹ̀ Ìráàkì. Rédíò wọn ò bá ilé sọ̀rọ̀ torí pé ìgbì tí wọ́n fún wọn kì í ṣe ti agbègbè yẹn. Ọmọ kan tó ń da ẹran wà nítòsí ibi tí wọ́n sá pa mọ́ sí, ó di sísá, òtútù tí ẹnikẹ́ni ò rò mú pẹ̀lú yìnyín nínú aṣálẹ̀. Mẹ́ta kú, òtútù ló pa méjì nínú wọn, wọ́n mú mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ rìn dé Síríà.

Méjì nínú wọn kọ ìwé lórúkọ àdáńpè, èkíní ní 1993, èkejì ní 1995, àwọn míì náà wá sọ tiwọn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Wọn ò fẹnu kò lórí iye ọ̀tá tí wọ́n pa, wọn ò fẹnu kò lórí ẹni tó ṣàṣìṣe. Nígbà tí ẹnì kan tóun náà ti ṣe SAS rí lọ bá àwọn Lárúbáwá ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn yẹn ní àwọn mẹ́ta péré làwọn tó yìnbọn sí àwọn SAS, kò séèyàn rẹpẹtẹ, kò sí mọ́tò ogun.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń rí nǹkan kan kedere, á sì pàdánù gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òru ni, wọn ò sùn, ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ohun kan náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún un sọ fún ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ọ̀rẹ́ rí á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohun tí èmi gan-an rí. Ẹ wá fi títa ìwé kún un, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ra ìwé tó sọ pé a rìn, òtútù mú wa, wọ́n mú wa. Ibi tí gbogbo wọn bá ti ṣe ẹnu kan, bí òtútù yẹn àti rédíò yẹn, ibẹ̀ ni mo máa ń gbára lé.

Ṣé òfin gbà wọ́n láyè láti kọ ìwé?

Ó sinmi lórí orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ìwé Bravo Two Zero wọ̀nyẹn, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní káwọn ọmọ ogun àkànṣe wọn buwọ́ lùwé ní 1996 pé àwọn ò ní tú àṣírí láìgbàṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè kọ ọ́, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e fún ìjọba kà. SEAL kan tó wà níbi tí wọ́n ti pa Osama bin Laden ní May 2011 kò gbé tiẹ̀ fún wọn, nígbà tó di 2016 ó gbà láti dá bíi mílíọ̀nù 6.8 dọ́là tó rí lórí ìwé náà padà fún ìjọba.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ ẹni tó ń fi irọ́ pe ara ẹ̀ ní ọmọ ogun àkànṣe?

Wọ́n pọ̀, ó sì ń bí àwọn tó ṣe é lóòótọ́ nínú. Amẹ́ríkà ṣòfin láti fi mú ẹni tó bá purọ́ pé òun gba àmì ẹ̀yẹ ogun, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 2012 pé irọ́ lásán ò tó fi èèyàn sẹ́wọ̀n, ni wọ́n bá ṣe òmíràn ní 2013, tó wá jẹ́ pé ẹni tó bá fi irọ́ yẹn wá owó tàbí àǹfààní lọ́wọ́ máa bá a.

Ohun tí mo máa ń wò ni bó ṣe ń sọ ọ́. Òpùrọ́ máa ń wà níbi gbogbo, gbogbo ìtàn ló ti jẹ́ akọni, orúkọ ọ̀gá ẹ̀ àti ọdún tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní mọ́, á ní àṣírí ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ àṣírí kì í bo ọdún tí èèyàn wọ iṣẹ́ sọ́jà. Ẹni tó ṣe é lóòótọ́ á sọ fún ẹ nípa bàtà tó bó o lẹ́sẹ̀, àti ẹni tó ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ìwà ìkà tí wọ́n hù ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìtàn wọn?

Kì í sábà sí, ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Brereton, tí Ọsirélíà gbé jáde ní November 2020, sọ pé àwọn rí ẹ̀rí tó ṣe é gbà gbọ́ pé ọmọ ogun àkànṣe wọn pa èèyàn 39 lọ́nà tí kò bófin mu ní Afganísítánì, àwọn tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, àgbẹ̀ àti aráàlú. Sọ́jà 25 ni wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ kàn, yálà wọ́n pa ni tàbí wọ́n wà níbẹ̀.

Kì í ṣe akọ̀ròyìn nìkan ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí jáde, àwọn sọ́jà ẹlẹgbẹ́ wọn náà sọ̀rọ̀, àwọn tí kò rí oorun sùn. Ìtàn ogun làwọn yẹn náà sọ, ó sì gba ìgboyà ju kí èèyàn ka iye bàálù tó jó lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Bàbá mi jagun, wọn kì í sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe lè gba ìtàn wọn sílẹ̀?

Má bi wọ́n pé èèyàn mélòó lẹ pa. Ìbéèrè yẹn ti pa ìtàn púpọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan kékeré: kí lẹ máa ń jẹ, ta lẹ jọ ń pín àgọ́, ẹrù yín wúwo tó báwo, kí lẹ máa ń rò tílẹ̀ bá ṣú. Tí fọ́tò àtijọ́ bá wà, gbé e sí wọn lọ́wọ́ kó o dákẹ́.

Fi fóònù gbà á sílẹ̀, àmọ́ tọrọ àyè kọ́kọ́, kó o sì sọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ wà àti orúkọ wọn síbẹ̀rẹ̀. Tún béèrè ohun kan náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, má ṣàtúnṣe fún wọn tó bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó o tọ́jú méjèèjì. Ibi ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, ti ń gba irú ẹ̀ jọ láti 2000, ilé Imperial War Museum ní London náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn àwọn tó jagun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, o lè lọ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó o lè mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Tí wọ́n bá dánu dúró lójijì, tójú wọn bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ, pa fóònù yẹn. Bu omi fún wọn, jókòó tì wọ́n, má béèrè nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.